Bí tíṣà Yorùbá ní Èkó ṣe lè yan irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní ba ohùn jẹ́

Láti 2018 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Àwọn ọmọ tó ń jókòó síwájú tíṣà Yorùbá ní Mushin, ní Ajégúnlẹ̀ tàbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò sì rí bákan náà. Òmíràn gbọ́ Yorùbá délẹ̀ láti ilé. Òmíràn ń sọ Ìgbò tàbí Ẹ̀gùn nílé, inú danfo ló ti ń gbọ́ Yorùbá. Àwọn kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi tọ́ dàgbà. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ mú gbogbo wọn kọsẹ̀ ni ohùn: igbá tí a fi ń bu omi, igba tó jẹ́ 200, ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀, àti igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé àpù tuntun kan wá fún yín, ohun méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ṣé ó lè gbé àmì ohùn láì da á nù? Ṣé ọmọ lè gbọ́ ohùn ènìyàn níbẹ̀? Èyí tí kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì kò wúlò fún Yorùbá, bó ti wù kó wúlò fún Faransé tó.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí dán an wò: ọ̀rẹ́, ẹ̀ṣẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, ǹjẹ́, ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ tẹ̀ wọ́n sínú rẹ̀, ẹ fi wọ́n pamọ́, ẹ ti àpù náà, kí ẹ sì tún un ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn, pàápàá fóònù tó ti pẹ́. Bí ẹ bá rí àpótí kékeré níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà, tàbí tí àmì ohùn fò kúrò lórí lẹ́tà tirẹ̀ lọ sórí èkejì, ẹ dá a padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìdánwò yìí, ó sì ń gbà yín lọ́wọ́ wàhálà odidi táàmù kan.

Kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Lórí fóònù Android, Gboard ní Yorùbá nínú. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Languages sí (nínú fóònù mìíràn, abẹ́ System ló wà), ẹ wọ inú Gboard, ẹ tẹ Languages, kí ẹ tẹ Add keyboard, kí ẹ sì yan Yorùbá. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ́tà tó lámì, ẹ tẹ lẹ́tà náà mọ́lẹ̀ láì gbé ìka kúrò. Àwọn tó lámì yóò yọ sókè, ẹ ó wá fa ìka lọ sórí èyí tí ẹ fẹ́. Ẹ pa autocorrect ti Gẹ̀ẹ́sì, torí ó lè sọ bàtà di “data” kí ẹ tó mọ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wa Keyman sílẹ̀. Àjọ SIL ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ó ní kíbọ́ọ̀dù fún Yorùbá, kò sì nílò dátà mọ́ lẹ́yìn tó bá ti wọlé.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo tíṣà Yorùbá tó wà nílé-ẹ̀kọ́ yín fẹnu kò sórí kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ ló kàn báyìí, ó sì fẹ́ sùúrù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan náà, ìkọ méjì

Nínú kọ̀ǹpútà, gbogbo lẹ́tà ló ní nọ́ńbà. “á” ní nọ́ńbà kan tirẹ̀, ṣùgbọ́n a tún lè fi nọ́ńbà méjì kọ ọ́: “a”, kí àmì òkè tẹ̀lé e. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Àwọn bí ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo rárá; ó kéré tán, méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí kíbọ́ọ̀dù kan bá tún ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára “e”, ó di mẹ́ta. Èyí tó burú jù ni pé àwọn kíbọ́ọ̀dù kan máa ń fi ìlà kékeré tó nàró sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó. Lójú ènìyàn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò bá ara wọn tan.

Ẹ wá wo ohun tí èyí lè fà nínú Google Forms. Ẹ ṣètò ìdánwò, ẹ fi “ọ̀rẹ́” síbi ìdáhùn. Ọmọ kan tẹ ọ̀rẹ́ láti orí kíbọ́ọ̀dù mìíràn, ó kọ ọ́ dáadáa, ó sì gba òdo, torí pé àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ kò bá tiyín mu. Ọmọ náà á gbà pé òun ò mọ Yorùbá. Ó dùn wá púpọ̀ tí ọmọ bá tìtorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ kórìíra èdè yìí.

Ẹ lè fi Google Sheets yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sínú A1, kí ẹ kọ =LEN(A1), tó ń ka iye nọ́ńbà inú ọ̀rọ̀ náà, sínú B1. “igbá” yẹ kó fún yín ní 4. Bó bá jẹ́ 5, àmì ohùn rẹ̀ dá dúró. “ọ̀rẹ́” yẹ kó jẹ́ 5: ọ̀ jẹ́ méjì, r jẹ́ ọ̀kan, ẹ́ jẹ́ méjì. Bí ẹ bá rí 7, àwọn àmì ìsàlẹ̀ náà dá dúró.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Tó bá jẹ́ ìbéèrè lórí ohùn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tẹ nǹkan kan. Nínú Settings ti Forms, ẹ tan Make this a quiz, ẹ yan Multiple choice, ẹ gbé àwòrán igbá sí i, kí ẹ to igbá, igba, ìgbà àti igbà sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ yóò kàn mú ọ̀kan ni. Níbi tó bá ti di dandan kó tẹ ọ̀rọ̀, ẹ lo Short answer, ẹ wọ Answer key, ẹ fi oríṣiríṣi ìkọ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tó tọ̀nà. Ẹ má fọwọ́ kan Mark all other answers incorrect. Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ fi ojú ara yín wo àwọn tó kù nínú Responses. Ọmọ tó kọ “igba” láìlámì níbi tí ẹ ti ń wá igbá kò tíì dáhùn o. 200 ló kọ.

Forms kò gba ohùn lásán. Àwòrán àti fídíò YouTube ló ń gbà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn wà nínú ìbéèrè, ẹ fi àwòrán kan àti ohùn yín ṣe fídíò kékeré, ẹ gbé e sórí YouTube bí Unlisted (ẹni tó bá ní lìnkì rẹ̀ nìkan ló lè rí i), kí ẹ wá so ó mọ́ ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n dátà àwọn ọmọ ni yóò jẹ. Ó sàn kí ohùn jáde láti inú sípíkà ní kíláàsì, kí Forms gbé ìbéèrè nìkan.

Tó bá jẹ́ ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀ tàbí fi ránṣẹ́, ẹ lo fọ́ǹtì Noto Sans tàbí Charis SIL, kí ẹ sì fi PDF ránṣẹ́. Fáìlì Word lè dé fóònù ẹlòmíràn kí gbogbo ọ̀ àti ẹ̀ di àpótí.

Gbígba ohùn sílẹ̀

Ẹ má dúró de àpù tí yóò ka Yorùbá fún yín. Ẹnu yín ló dára jù. Àkókò tó dáa fún un ní àárín ìlú ni kùtùkùtù òwúrọ̀, kí danfo àti jẹnẹrétọ̀ tó gbòde. Yàrá tí aṣọ pọ̀ sí dára ju pálọ̀ onítáìlì lọ, torí aṣọ ń mu ìró, táìlì sì ń dá a padà. Ẹ pa fáànù. Ẹ gbé fóònù sí bí íǹṣì 6 sí 8 sí ẹnu, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí èémí inú “p” àti “gb” má bàa máa lu máìkì.

Bí ẹ bá fẹ́ ra máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ wo ẹnu wáyà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ti fóònù ní òrùka dúdú mẹ́ta. Ti kámẹ́rà ní méjì, kò sì ní gba ohùn lórí fóònù àyàfi tí ẹ bá ra ohun tí wọ́n fi ń so ó pọ̀. Fóònù tí kò ní ihò máìkì róbótó nílò ti Type-C. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ fi fóònù yín gba ohùn, kí ẹ sì gbọ́ ọ kí ẹ tó kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì láàárín wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sínú gbólóhùn kan náà: “Ó ní igbá ni.” “Ó ní ìgbà ni.” Etí kì í mọ ohùn kan láìsí èkejì tí yóò fi wé e, pàápàá ohùn àárín. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkà bí ẹni ń ka orúkọ nínú ìwé: ohùn á máa gòkè lórí gbogbo ọ̀rọ̀, á sì já wálẹ̀ lórí èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn yóò dún bí ohùn ìsàlẹ̀ nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò nílò sí ìparí, kí ẹ gé e sọnù lẹ́yìn.

Kí ọmọ fi ojú rí ohùn

Irinṣẹ́ kan wà tí a fẹ́ kí tíṣà Yorùbá púpọ̀ mọ̀: Praat. Paul Boersma àti David Weenink ní Yunifásítì Amsterdam ló ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣiṣẹ́, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á sílẹ̀. Ó ń ya ohùn bí ìlà.

Ẹ ṣí i, ẹ lọ sí New, ẹ yan Record mono Sound, ẹ sọ “wá, wa, wà”, kí ẹ fi pamọ́ sínú lísìtì. Ẹ tẹ View & Edit. Ìlà aláwọ̀ búlúù tó bá hàn ni ohùn yín. Bí kò bá hàn, ẹ tan Show pitch nínú Pitch. Ẹ ó rí wá lókè, wa láàárín, wà nísàlẹ̀. Bí ìlà bá ń já lulẹ̀ lójijì tàbí tó ń fò sókè láìnídìí, ìwọ̀n tí ẹ fún un ni kò bá ohùn náà mu. Nínú ìṣètò Pitch, ẹ lo 75 sí 300 Hz fún ọkùnrin, 100 sí 500 Hz fún obìnrin, kí ẹ gbé òkè rẹ̀ dé 600 Hz fún ọmọdé.

Ẹ yan ọ̀rọ̀ tí ìlà kò ní já nínú rẹ̀. k, t, s, ṣ, f àti p máa ń gé ìlà, torí tán-án-ná inú ọ̀fun kì í gbọ̀n nígbà tí a bá ń pè wọ́n. w, r, l, m, n àti y kì í gé e. Ìdí nìyẹn tí “rárá”, “rárà” àti “ràrá” fi dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ó sì rí ohun kan tó lè yà yín lẹ́nu: nínú “ràrá”, ohùn òkè kò fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó gun òkè ni, nínú “rárà”, ohùn ìsàlẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀ ni. Ẹ kò ṣì í pè. Bí Yorùbá ṣe ń dún nìyẹn tí òkè bá tẹ̀lé ìsàlẹ̀, tàbí tí ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé òkè. Ẹ tẹ àwòrán ìlà náà sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí àwọn ọmọ máa fi ọwọ́ yà á nínú afẹ́fẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Ẹ rántí pé Praat kì í ṣí fáìlì m4a tí ọ̀pọ̀ fóònù ń gbà. WAV ni kí ẹ fún un.

WhatsApp

WhatsApp kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sì fẹ́ kí òbí fọwọ́ sí i kí a tó gba ohun tó jẹ́ ti ọmọ. Nítorí náà, gúrúùpù òbí ni kí ẹ dá sílẹ̀. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé admin nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀. Ẹ fi voice note kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kì í sábà tó ìdajì MB. Kí òbí dá ohùn ọmọ padà sí yín níkọ̀kọ̀, kó má jẹ́ nínú gúrúùpù.

Poll rẹ̀ wúlò, ẹ lè to ìdáhùn tó 12 síbẹ̀ fún wọn láti yàn. Ẹ pa Allow multiple answers. Ṣùgbọ́n gbogbo ará gúrúùpù ló ń rí ẹni tó mú èwo. Ọmọ tó ń tijú kò ní dáhùn mọ́ lẹ́yìn tó bá ti ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Forms ni kí ẹ lò fún irú rẹ̀.

Ibi tí ẹ ti lè rí ọ̀rọ̀

YorubaName.com ń fún yín ní ìtumọ̀ orúkọ, ó sì ń pín in wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ àṣetiléwá tó dáa ni kí ọmọ wá orúkọ tirẹ̀, tàbí ti aládùúgbò rẹ̀ bí kì í bá ṣe Yorùbá. Forvo ní ohùn àwọn tó ni èdè. Lórí Wikipedia Yorùbá, àwọn ojú ìwé kan lámì dáadáa, àwọn kan ò ní rárá. Ẹ tẹ ìpínrọ̀ kan tí kò lámì jáde, kí kíláàsì fi àmì sí i.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ orí ohun tí ẹ bá rí. Ìpàdé tí àwọn ìjọ CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà) ṣe ní Èkó ní 1875 ló fìdí àkọtọ́ ìgbà náà múlẹ̀. Ti 1974 la ń lò báyìí. Ìwé tó bá kọ “aiye”, “enia” àti “nwọn” ń lo àkọtọ́ tó ṣáájú ìyẹn. Pátákó ojú títì tó kọ Oshodi àti Shomolu náà lè di ìdánrawò: kí àwọn ọmọ kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Google Translate ti ní Yorùbá láti December 2013, àwọn ẹ̀rọ AI náà sì ń kọ ọ́ báyìí. Wọ́n dára fún ìtumọ̀ gbẹ̀fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ṣi àmì ohùn fi. Ẹ má gbé ohun tí wọ́n bá kọ síwájú ọmọ láìtíì fi ìwé atúmọ̀-èdè yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò.

Lọ́jọ́ iṣẹ́

Fóònù kan àti sípíkà Bluetooth kan tó fún ọmọ 50. Ẹ wa gbogbo fáìlì sílẹ̀ láti ilé, ẹ gba iná sínú nǹkan méjèèjì lálẹ́ àná. Tí ẹ bá dé kíláàsì, ẹ fi fóònù sí airplane mode, kí ẹ wá tan Bluetooth padà, kí ìpè má bàa jáde láti inú sípíkà láàárín iṣẹ́. Ẹ rìn lọ sí àga tó kẹ́yìn, ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Bí ẹ̀yin ò bá mọ wá yàtọ̀ sí wa níbẹ̀, ẹ gbé sípíkà sórí àga láàárín kíláàsì, kì í ṣe sórí tábìlì iwájú. Kí orúkọ fáìlì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, 01_wa, 02_ra, 03_igba, láìfi àmì sí orúkọ náà rárá, torí àwọn sípíkà kan tó ń ka memory card lè fo fáìlì tí wọn ò lè ka orúkọ rẹ̀.