Ṣíbí Lẹ́búlẹ́bú Bíìtírúùtù Kan: Bí A Ṣe Ń Ṣe É àti Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀

Omi ló pọ̀ jù nínú bíìtírúùtù (beetroot), gbòǹgbò pupa tí a ń jẹ. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀ ní tútù, omi tó nǹkan bíi 88, ṣúgà sún mọ́ 7, fáíbà kò pé 3, purotéènì kò sì pé 2. Ìdí nìyí tí kílò kan tí ẹ ti bó fi máa ń di bíi 130 gíráàmù péré lẹ́yìn tó bá gbẹ. Nínú ṣíbí kan tó gba 10 gíráàmù lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, bíìtírúùtù kékeré kan, bíi 80 gíráàmù ní tútù, ló wà níbẹ̀.

Ẹ ra èyí tó le dáadáa. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bó o, ṣùgbọ́n ẹ má bọ̀ ọ́: náítíréètì (èròjà tó ń ran iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti fẹ̀) àti fólétì (fítámì B9) máa ń yọ́ sínú omi, ẹ ó sì dà wọ́n nù pẹ̀lú omi náà. Ẹ gé e ní pẹlẹbẹ, 2 sí 3 mílímítà, kó dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, àwọn tó fẹ́lẹ́ á ti gbẹ jù kí àwọn tó nípọn tó gbẹ. Ẹ tẹ́ wọn sórí tíréè láìjẹ́ kí wọ́n gun ara wọn, ẹ sì fi wọ́n sínú ófìnì ní 55 sí 60°C fún wákàtí 8 sí 12. Tí ooru bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ á ṣú, ṣúgà á jóná, á sì korò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe nìyí: èyí tó ṣì gbóná máa ń rọ̀ lọ́wọ́ nítorí ṣúgà rẹ̀, bó ti wù kó gbẹ tó. Ẹ jẹ́ kó tutù ná, kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Tó bá dá pàkà, ó ti gbẹ. Tó bá tẹ̀, ẹ dá a padà. Èyí tí kò gbẹ tán á dì nínú ìgò, á sì hu èébu. Tí ẹ bá rí èébu díẹ̀ péré, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ máa lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí abẹ ẹ̀rọ má baà gbóná, ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ẹ sì dé e pinpin síbi tó ṣókùnkùn.

Nínú ṣíbí yẹn, potásíọ́mù tó bíi 250 mílígíráàmù. Èròjà irin kò tó mílígíráàmù 1, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù nílò 18 lójúmọ́. Bẹ́tálénì, èròjà àwọ̀ inú rẹ̀, ló mú un pupa, kì í ṣe irin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kò gbọdọ̀ fi í rọ́pò oògùn.

Náítíréètì gan-an ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bakitéríà ẹnu ló ń yí i padà kó tó lè mú iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, nítorí náà oògùn ìfọnu tó ń pa kòkòrò máa ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Eléré ìdárayá máa ń mu ún ní wákàtí 2 sí 3 ṣáájú ìdíje. Iye náítíréètì tó wà nínú tiyín kò ṣeé sọ, torí ilẹ̀ àti ajílẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí òkúta ti yọ nínú kíndìnrín rẹ̀ rí, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Ọ́sálétì, èròjà tó lè di òkúta nínú kíndìnrín, pọ̀ nínú bíìtírúùtù. Ẹ má fún ọmọ ìkókó rárá. Bí ìtọ̀ bá pọ́n lẹ́yìn tí ẹ mu ún, àwọ̀ rẹ̀ ló ń jáde.