Déètì tó ń da owó oṣù rú: láti Excel bọ́ sí SQLite

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bá àwọn ìyá wa kan tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà. Excel la ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ fáìlì náà ti wúwo jù, mo bá kó gbogbo rẹ̀ sínú SQLite (ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú tábìlì). Ní Excel, bí mo ṣe ń wá owó oṣù kẹta nìyí:

=SUMIFS(C:C,A:A,">="&DATE(2025,3,1),A:A,"<="&DATE(2025,3,31))

Mo wá kọ èyí ní SQLite:

SELECT SUM(owo) FROM tita WHERE ojo >= '01/03/2025' AND ojo <= '31/03/2025';

Owó tó gbé jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odidi ọdún! Mo tú u wò, mo rí ọjà oṣù kejìlá níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, SUM kò jẹ̀bi, WHERE náà kò jẹ̀bi. Bí a ṣe kọ déètì ni. Nọ́ńbà ni Excel ń sọ déètì dà lábẹ́lẹ̀. Èyí tó ń fi hàn ọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, aṣọ lásán ni. SQLite ní tiẹ̀ kò ní ẹ̀yà kan tó yà sọ́tọ̀ fún déètì rárá. Ọ̀rọ̀ ló ka '15/12/2025' sí, ó sì ń fi wọ́n wéra láti òsì lọ sí ọ̀tún, àmì kan lẹ́yìn òmíràn. '15' wà láàárín '01' àti '31', ó ti wọlé nìyẹn, kò tiẹ̀ dé ibi oṣù. '01/01/2025' sì kéré sí '01/03/2025', ó dúró síta.

Jẹ́ kí ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn: 2025-03-05. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe tò ni ọjọ́ ṣe máa tò. Kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ pamọ́ (jọ̀ọ́, má fo èyí), kí o tó kọ:

UPDATE tita SET ojo = substr(ojo,7,4)||'-'||substr(ojo,4,2)||'-'||substr(ojo,1,2) WHERE ojo LIKE '__/__/____';

LIKE tó wà nídìí rẹ̀ yẹn kì í ṣe fún ẹwà: déètì tó bá pé nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá (_ kọ̀ọ̀kan dúró fún àmì kan). Tí ẹnìkan bá ti kọ 5/3/2025 láìfi òdo ṣáájú, substr á gé e níbi tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà, fi NOT LIKE '____-__-__' wá àwọn tó ṣẹ́kù.

Ìbéèrè: Mo wá wọn, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ìlà kan wà tó jẹ́ pé 45721 ni mo bá níbẹ̀, kì í ṣe déètì.

Ìdáhùn: Nọ́ńbà Excel tí mo wí nìyẹn, aṣọ ló bọ́ lára rẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù kẹta 2025 ni.

UPDATE tita SET ojo = date('1899-12-30', '+'||ojo||' days') WHERE ojo GLOB '[0-9][0-9][0-9][0-9][0-9]';

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 1899, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900 ni Excel pè ní 1. Excel ka ọjọ́ 29 oṣù kejì mọ́ ọdún 1900, bẹ́ẹ̀ ọdún yẹn kò ní in. Ọjọ́ kan ló fi lé, ìdí nìyẹn tí a fi fa ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ní ọjọ́ kan. Lotus 1-2-3, ètò ìṣirò tó ṣáájú Excel, ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Microsoft mọ̀ọ́mọ̀ gbà á wọlé kí fáìlì àwọn méjèèjì lè bára mu.

Ìbéèrè: Ó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti ń fi fóònù kọ ọjà sílẹ̀, ọjà ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kì í wọlé. Mo gbìyànjú BETWEEN, kò yí padà.

Ìdáhùn: Fóònù ń fi aago kún un: '2025-03-31 06:40'. Èyí ju '2025-03-31' lọ, <= á sì tì í síta. Ohun kan náà ni BETWEEN ń ṣe. Dá a dúró síwájú ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀lé e:

WHERE ojo >= '2025-03-01' AND ojo < '2025-04-01'

Èmi kì í kọ ọ́ lọ́nà mìíràn mọ́, kò kàn mí bóyá oṣù kejì ní 28 tàbí 29. Má sì jẹ́ kí MONTH tí o ń lò ní Excel tàn ọ́ lọ sọ́dọ̀ strftime('%m', ojo) = '03'. Oṣù kẹta gbogbo ọdún ló máa kó wá fún ọ, bí o bá sì ní index (atọ́ka tó ń mú kí ìwákiri yá) lórí ojo, kò ní lò ó.

Ìbéèrè: TODAY() ńkọ́?

Ìdáhùn: date('now') ni, ṣùgbọ́n aago UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé) ló ń tẹ̀ lé, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Láti aago méjìlá òru títí di aago kan, déètì àná ló máa fún ọ. Fi 'localtime' kún un, kí o rí i pé aago kọ̀ǹpútà rẹ wà ní ti Nàìjíríà. Fún oṣù tí a wà nínú rẹ̀:

WHERE ojo >= date('now','localtime','start of month') AND ojo < date('now','localtime','start of month','+1 month')