Bí A Ṣe Ń Gbin Beautyberry Kí Àwọ̀ Lè Kún Ọgbà Nígbà Ìwọ́wé

Tó bá ti ń di ìparí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ní Georgia, Alabama tàbí ìlà-oòrùn Texas, ọ̀pọ̀ òdòdó inú ọgbà á ti rẹ̀ wálẹ̀, torí ooru ti fojú wọn rí màbo. Ìgbà yẹn gan-an ni beautyberry ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra. Èso rẹ̀ wẹ́wẹ́, àmọ́ wọ́n máa ń ṣù jọ yí ẹ̀ka ká níbi tí ewé méjì-méjì ti yọ, láti oríkèé kan dé òmíràn, bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Àwọ̀ wọn jẹ́ elésè àlùkò tó ń dán gbinrin. Mi ò mọ igi kúkúrú mìíràn tó ń gbé irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lásìkò tí ewé ń wọ́.

Ọmọ onílẹ̀ ni igi yìí ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, láti Maryland lọ dé Florida, títí wọ Texas àti Oklahoma. Ó wà ní Cuba àti Bahamas náà. Callicarpa americana ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, ìdílé kan náà sì ni òun àti efinrin. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston tàbí Atlanta, ilẹ̀ yín ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́, kò sì ní yọ yín lẹ́nu.

Ohun kan ló yẹ kó wà lọ́kàn yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì: ara ẹ̀ka tó yọ lọ́dún yìí ni beautyberry ti ń tanná, ibẹ̀ náà ló sì ti ń so. Ẹ̀ka àtijọ́ kì í so. Gbogbo ìtọ́jú tẹ́ ẹ bá ń ṣe fún un, tìtorí ẹ̀ka tuntun yẹn ni.

Ibi tó yẹ ẹ́

Nínú igbó, abẹ́ igi paínì àti etí igbó ló ti máa ń hù. Ìyẹn ló mú káwọn kan máa gbìn ín síbi tó ṣókùnkùn. Kò ní kú níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èso tó máa so ò ní tó nǹkan. Ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń tàn dáadáa, tí òjìji díẹ̀ sì máa ń bò lọ́sàn-án, ló dáa jù ní ìpínlẹ̀ tí ooru ti ń mú.

Ẹ fún un láyè. Ó máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6, ó sì máa ń fẹ̀ tó bó ṣe ga. Tẹ́ ẹ bá gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tẹ́ ẹ̀ ń gbà wọlé, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ ó fi máa gé e láìtọ́ àkókò torí pé ó ń dínà. Bí igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ èso náà á túbọ̀ yọ.

Ilẹ̀ amọ̀ ni o, ilẹ̀ oníyanrìn ni o, á hù níbẹ̀ bí omi ò bá ti dúró. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kẹ́ ẹ da omi kún un. Bí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ wá ibòmíràn.

Igi kan ṣoṣo lè so, àmọ́ bí méjì tàbí mẹ́ta bá wà nítòsí ara wọn, èso wọn máa ń pọ̀ sí i. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 5 sáàárín wọn.

Rírà àti gbígbìn

Ìgbà tí èso wà lórí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ rà á, kẹ́ ẹ lè fojú ara yín rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbé lọ sílé, torí ẹ̀yà kan wà tí èso tiẹ̀ funfun. Èyí tó wà nínú ike gálọ́ọ̀nù kan ti tó. Igi yìí máa ń yára dàgbà, mi ò rí ìdí tẹ́nikẹ́ni á fi náwó ńlá sórí èyí tó tóbi.

Oṣù October àti November ló dáa jù láti gbìn ín níbi tí òtútù kì í ti í le. Níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó di ìgbà ìrúwé. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ju ike náà lọ ní ìlọ́po méjì, àmọ́ kó má jìn ju ike ọ̀hún lọ. Bí gbòǹgbò bá ti lọ́ yípo nínú ike, ẹ fọwọ́ tú u. Ẹ gbé igi náà sínú ihò kí orí gbòǹgbò rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, ẹ dá iyẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ kó jáde padà, kẹ́ ẹ wá bomi rin ín dáadáa. Ẹ fi ewé paínì gbígbẹ tàbí èèpo igi bo ilẹ̀ náà, kó nípọn tó íǹṣì 2 tàbí 3, àmọ́ kó má kan ara igi.

Omi àti ajílẹ̀

Lọ́dún àkọ́kọ́, bí òjò ò bá rọ̀, ẹ bomi rin ín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó wọlẹ̀ dénú. Tó bá ti fìdí múlẹ̀, á máa fara da ọ̀dá, àmọ́ láti oṣù June títí tí èso á fi pọ́n, ẹ má ṣe jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ pẹ́. Ewé rẹ̀ ló máa sọ fún yín. Bó bá sọ orí kọ́ lọ́sàn-án gangan, tó sì nà padà nírọ̀lẹ́, kò sí wàhálà. Bó bá ṣì sọ orí kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ló ń béèrè.

Ní ti ajílẹ̀, ilẹ̀dú ṣọ́bìrì kan tàbí méjì nígbà ìrúwé ti tó. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ tí wọ́n ń fọ́n sórí koríko iwájú ilé, ewé yàbùgà-yabuga láìsí èso ni yóò fi san án fún yín.

Gígé ẹ̀ka

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ jù nìyí. Ìparí oṣù February sí ìbẹ̀rẹ̀ March, kí ewé tuntun tó yọ, ni kẹ́ ẹ gé e. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ dé ìtòsí ilẹ̀, kó ku íǹṣì 6 sí 12. Ó lè dà bíi pé ẹ ti pa á, ṣùgbọ́n kó tó di October, á ti ga kọjá ìbàdí, èso á sì kún ara rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó tóbi, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka tó ti gbó jù ni kẹ́ ẹ gé láti ìdí, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ kí ẹ̀ka tuntun lè yọ lára wọn. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fara mọ́ jù bí àyè bá wà, torí ẹ̀ka gígùn tó tẹ̀ kọrọdọ pẹ̀lú èso lára ló mú igi yìí lẹ́wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gé e láàárín ìgbà ooru. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ewé ló sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ò bá ṣí ewé wò ò ní mọ̀ pé ó ti ń tanná. Ẹni tó bá sì fi ẹ̀rọ gé e rébété ní July, èso October ló ń gé dà nù yẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń gba ẹni tó ń gé koríko, ẹ fi igi náà hàn án, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án.

Níbi tí òtútù ti le, gbogbo ohun tó wà lókè ilẹ̀ lè kú. Ẹ má yára hú u. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó kàn lè pẹ́ kó tó rú ni.

Ẹyẹ, ẹ̀fọn àti èso

Àwọn ẹyẹ bíi mockingbird àti robin fẹ́ràn èso náà, àgbọ̀nrín sì máa ń jẹ ewé rẹ̀. Èèyàn lè jẹ èso yìí, kò kàn fi bẹ́ẹ̀ dùn ní tútù. Ṣe ni wọ́n máa ń fi ṣúgà sè é ṣe jẹ́lì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀ka sínú ilé, ẹ já gbogbo ewé kúrò, torí ewé máa ń tètè rọ, èso ò sì ní tètè bà jẹ́.

Àwọn àgbẹ̀ Mississippi ayé àtijọ́ máa ń fọ́ ewé rẹ̀ sábẹ́ ìjánu ẹṣin àti ìbaaka kí kòkòrò má bàa jẹ wọ́n. Àwọn onímọ̀ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Oxford, ní Mississippi kan náà, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí àwọn èròjà tó ń lé ẹ̀fọn nínú ewé ọ̀hún. Síbẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ ju oògùn ẹ̀fọn yín nù.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ púpọ̀ sí i

Ní June tàbí July, ẹ gé orí ẹ̀ka tó ṣì rọ̀, kó gùn tó íǹṣì 4 sí 6. Láti ara ẹ̀ka kan tàbí méjì péré ni o, kí ìyókù lè so. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ gé ewé ńlá tó kù sí méjì kó má bàa fa omi jù. Ẹ tì í bọnú yanrìn tútù nínú ike, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò ti ní pa á. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ fà á díẹ̀. Bó bá dì mọ́lẹ̀, ó ti ta gbòǹgbò. Ẹ wo abẹ́ igi àgbà náà pẹ̀lú, torí ẹyẹ máa ń gbin tiwọn síbẹ̀. Ẹ kàn fẹ̀sọ̀ wú àwọn ọmọ kéékèèké tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ nígbà ìwọ́wé, kẹ́ ẹ lọ gbìn wọ́n síbi tó wù yín.