Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú Bengaluru ní Íńdíà, ẹ gbọ́ o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Hòtẹ́ẹ̀lì nìkan kọ́ lèèyàn ti ń jẹun o. Ẹ wá àwọn búkà kékeré tí wọ́n ń pè ní darshini. Ìdúró lẹ ó ti jẹun ní ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ wá mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bu oúnjẹ. Láìsí rìsíìtì, ẹ kàn máa dúró lásán ni.

Ẹ fi vada bẹ̀rẹ̀. Irú ẹ̀wà kan tó ń jẹ́ urad ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n á dín in bí àkàrà, àmọ́ ó máa ń níhò láàárín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gbẹ, ẹ ní kí wọ́n bu sambar, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ewébẹ̀ wọn, sọ́tọ̀.

Kọfí wọn ni tèmi! Kọ́ọ̀pù irin kékeré ni wọ́n ń bù ú sí, abọ́ á wà lábẹ́ rẹ̀. Etí kọ́ọ̀pù yẹn máa ń gbóná fẹlifẹli, torí náà ẹ dà á sínú abọ́, kẹ́ ẹ dà á padà, títí tó fi máa ṣeé mu. Ẹni tí kì í mu ṣúgà, kó tètè sọ.

Fún masala dosa, ìyẹn oúnjẹ pẹlẹbẹ bíi páńkéèkì tí wọ́n fi ìrẹsì àti ẹ̀wà ṣe, tí ọ̀dùnkún wà nínú rẹ̀, ẹ lọ sí ilé oúnjẹ Vidyarthi Bhavan ní àdúgbò Gandhi Bazaar. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti 1943. Ẹ má lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ Sunday, èrò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ má bèèrè ẹran láwọn ibi yìí o, wọn kì í sè é. Ẹ sì mú ṣéńjì dání, torí fóònù làwọn ará ibẹ̀ fi ń sanwó, ó lè má sí ṣéńjì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà.