Bí Mo Ṣe San Owó Àyẹ̀wò Jẹdọ̀jẹdọ̀ Kan Náà Lẹ́ẹ̀mejì

₦45,000 ni mo san fún àyẹ̀wò kan ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, mo sì tún san iye kan náà ní oṣù keje fún àyẹ̀wò yẹn gan-an, nítorí pé ẹni tó kọ èsì àkọ́kọ́ kò kọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Títí di òní, inú ṣì ń bí mi sí i. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kọ 12 láì sọ bóyá mítà ni tàbí kìlómítà, n kì í fún un ní máàkì.

Jẹdọ̀jẹdọ̀ oríṣi B, tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis B, ló wà lára mi. Ọdún 2024 ni mo mọ̀, nígbà tí mo lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò mi obìnrin tó fẹ́ bímọ, tí wọ́n sì dá mi padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò, HBsAg, ìyẹn àmì pé fáírọ́ọ̀sì náà wà lára ènìyàn, ṣì wà níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé àrùn náà kò ní kúrò lára mi bọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ mi ya abọ́ àti ife mi sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí nọ́ọ̀sì kan fi jókòó tì wọ́n, tó sì ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀ àti ìgbà ìbímọ ni àrùn yìí ń gbà ran ènìyàn, kì í ṣe oúnjẹ àjọjẹ. Wọ́n gbọ́, ọ̀rọ̀ abọ́ sì parí.

Dókítà tó ń tọ́jú mi sọ pé nǹkan mẹ́ta ni àwọn fẹ́ mọ̀ kí àwọn tó pinnu bóyá kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn: iye ALT, tó ń fi hàn bóyá ẹ̀dọ̀ ń farapa, bóyá àpá ti wà lára ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, àti iye fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní HBV DNA tàbí viral load. Èsì méjì àkọ́kọ́ kò ṣòro láti rí gbà. ALT mi jẹ́ 27. Fọ́ọ̀mù ilé àyẹ̀wò sọ pé kò sí ohun tó burú títí dé 40, inú mi sì ti ń dùn, ṣùgbọ́n dókítà là á yé mi pé nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2024, 19 ni ìpẹ̀kun fún obìnrin, 30 fún ọkùnrin, a jẹ́ pé tèmi ga. Wọ́n fi AST, èyí tó jọ ALT, àti iye plétílẹ̀tì, ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ṣírò ohun tí wọ́n ń pè ní APRI. Tèmi jẹ́ 0.26, èyí tó bá ju 0.5 lọ ni wọ́n ti ń fura sí àpá. Wọ́n béèrè bóyá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti pa ẹnikẹ́ni rí nínú ìdílé wa, mo ní rárá. Ó wá ku viral load nìkan, nítorí pé ní ìlànà náà, ẹni tí ALT rẹ̀ bá ga, tí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ju 2,000 IU (ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń ka fáírọ́ọ̀sì) lọ nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan, oògùn ti kàn án.

Wọ́n dá ọ̀sẹ̀ méjì fún mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni èsì náà gbà, torí pé Èkó ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí. Nígbà tó dé, wọ́n fún mi ní ìwé pélébé kan tí orúkọ ilé àyẹ̀wò wà lókè rẹ̀, tí wọ́n sì fi báírò búlúù kọ “HBV DNA: 8,700” sí àárín. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n buwọ́ lù ú, àmọ́ wọn kò kọ IU, wọn kò sì kọ copies. Dókítà wò ó, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ̀yin tíṣà, 8,700 kí ni wọ́n kọ yìí?”

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka fáírọ́ọ̀sì yìí. Àwọn ibì kan ń kà á ní copies, àwọn ibòmíràn ní IU, IU kan ṣoṣo sì tó nǹkan bíi copies márùn-ún tàbí kó lé díẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n bá lò ló máa sọ. Bí 8,700 náà bá jẹ́ IU, mo ti kọjá 2,000 dáadáa, mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn. Bí ó bá jẹ́ copies, kò dé 2,000 IU rárá, a jẹ́ pé kí wọ́n máa ṣọ́ mi ni mo nílò. Oògùn tí à ń wí yìí, tenofovir tàbí entecavir, kì í ṣe oògùn ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń lò ó, ẹni tó bá sì dá a dúró láì gbàṣẹ dókítà, fáírọ́ọ̀sì náà lè tún gbérí kí ó sì ṣe ẹ̀dọ̀ rẹ̀ léṣe gidigidi.

Mo padà sí ilé àyẹ̀wò. Ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ní, “Mà, ó yẹ kí dókítà yín mọ̀ ọ́n.” Mo ní dókítà ló rán mi wá. Ó ní ọ̀gá àwọn ló lè dáhùn, ọ̀gá sì ti lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọ ọ̀kadà láti Tákíé lọ síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn tí a bá ti jáde ní ilé-ìwé. Nígbà kejì, ọ̀gá wà nínú ìpàdé. Nígbà kẹta, iná kò sí, wọn kò lè tan kọ̀ǹpútà. Nígbà kẹrin, obìnrin kan gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ṣí ìdérí báírò, ó fẹ́ kọ IU sí i lójú mi. Mo bi í pé, “Ta ló sọ fún yín pé IU ni?” Ó ní, “Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ nìyẹn, mà.” Mo já ìwé mi gbà. Ká ní mo dákẹ́ ni, orí ìméfò obìnrin yẹn ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oògùn mì lójoojúmọ́.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo sì san owó kejì. Èsì tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ni wọ́n fún mi: 1,610 IU/mL. Lọ́jọ́ kẹta tí mo gbà á ni ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fi fọ́tò ìwé tó ti Èkó wá ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: 8,700 copies/mL. Mo fi márùn-ún àti ààbọ̀ pín in lórí fóònù mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,580. Inú mi dùn pé mo lè ṣe ìṣirò náà fúnra mi, inú sì bí mi pé ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn láti oṣù kẹfà.

Kí n tó sanwó àkọ́kọ́ yẹn ló yẹ kí n ti béèrè ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ, ọjọ́ tí èsì yóò dé, àti bóyá IU ni wọn yóò fi kà á. Kí n sì sọ fún wọn pé ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ni mo fẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ dà kọ. Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan báyìí, irú èyí tí àwọn ọmọ ń lò ní kíláàsì, mo sì fi rúlà fa ìlà sí i fún ọjọ́, ALT, AST, plétílẹ̀tì, DNA àti ibi tí mo ti ṣe é. Mo máa ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó ṣí fáìlì. Ní ti àgbo tí gbogbo ènìyàn ní kí n mu, n kò fi kan ẹnu, torí pé àwọn ewé àti egbò kan ń pa ẹ̀dọ̀ lára, ta ni yóò sì sọ fún mi èyí tó wà nínú ìgò?

Ohun mìíràn tó ń dùn mí ni ti ọkọ mi. Odindi ọdún kan kọjá kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wa pé ó yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo dúpẹ́ pé kò sí lára wọn. Nígbà tí mo ń kọ èyí, wọ́n ti gba méjì nínú mẹ́ta, oṣù kejì ọdún 2026 ni wọ́n sì dá fún ẹ̀kẹta, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ wa gba tiwọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ-ọwọ́; a ti yẹ̀ wọ́n wò, kò sí lára àwọn náà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2026, mo padà sí ibi tí mo ti ṣe é ní Ìbàdàn, kí nọ́ńbà tuntun lè bá ti àtijọ́ dọ́gba ní ìwọ̀n. Ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ béèrè ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo ní HBV DNA, ní IU. Ó kọ ọ́. Mo ní kó jọ̀wọ́ yí fọ́ọ̀mù náà sọ́dọ̀ mi kí n rí i.