Dísíbútọ̀ Ìjàpá: bí ẹ ṣe máa mọ èyí tẹ́ ẹ ní, àti bí ẹ ṣe máa fi èyí tó sàn rọ́pò rẹ̀

Ẹ má tíì náwó lórí dísíbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì) Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, tí ẹ kò bá mọ èyí tó wà lára ẹ́ńjìnì yín. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó ṣì ń rìn lójú títì wa, títí kan àwọn tí Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó lọ́dún 1975, ti gba ọwọ́ mẹkáníìkì rẹpẹtẹ kọjá. Dísíbútọ̀ tó bá ọkọ̀ jáde ní iléeṣẹ́ lè ti wà lórí àkìtàn tipẹ́tipẹ́, kó jẹ́ pé èyí tí ẹnì kan rà ní Ládípò ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ kò lè sọ nǹkan kan fún yín. Ara dísíbútọ̀ gan-an lẹ máa kà.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀

Ẹ rẹ àkísà sínú epo díẹ̀, kí ẹ fi nu ara rẹ̀ dáadáa. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọnú irin. Ti Bosch sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 231. Àwọn tó ti pẹ́ gan-an a máa ní lẹ́tà bíi VJU 4 BR. Nọ́ńbà Volkswagen sábà máa ń jẹ́ 113 905 205, tí lẹ́tà á sì tẹ̀ lé e. Tí ẹ kò bá rí nọ́ńbà kankan, ẹ fura sí i títí ẹ ó fi yẹ inú rẹ̀ wò.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò ní agolo fákúùmù (agolo tó ń lo bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́) lára, ìyára ẹ́ńjìnì nìkan ló fi ń sún sípáàkì síwájú, ìyẹn ni pé kó tètè tàn kí písítìn tó dé òkè. Inú ẹbí yìí ni àwọn tí nọ́ńbà Bosch wọn parí sí 009, 010 àti 050 wà. Tí agolo bá ní ẹnu rọ́bà méjì, ọ̀kan ń sún sípáàkì síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà lórí ìdúró. Nítorí òfin èéfín ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Èyí tó ní ẹnu kan ló máa ń da èèyàn láàmú, torí oríṣi méjì ló jọra lójú: ọ̀kan ń lo fákúùmù nìkan, èkejì, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní SVDA, ń lo fákúùmù pẹ̀lú irin wíwúwo méjì tó wà nísàlẹ̀ nínú rẹ̀. 034 ni wọ́n mọ̀ jù nínú àwọn SVDA.

Ọwọ́ yín ló máa yanjú ìyẹn. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ di rótọ̀ (apá tó ń yí lábẹ́ ìdérí) mú, ẹ yí i bí aago ṣe ń yí, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Tó bá yí díẹ̀, tí sípíríǹgì sì dá a padà kíá, irin wíwúwo wà nínú rẹ̀. Tí kò bá yí rárá, tí kò sì dípẹtà, fákúùmù nìkan ni. Tó bá yí tán tí kò padà, tàbí tó ń padà tìkọ̀tìkọ̀, ìdọ̀tí ti gbá a mú tàbí kí sípíríǹgì ti já. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹnu fa rọ́bà agolo. Àwo tí kọ́ńtáàtì (ohun tó ń ṣí tó ń pa láti já iná kọ́ìlì) jókòó lé gbọ́dọ̀ sún. Ẹ fi ahọ́n dí ẹnu rọ́bà náà: tí àwo bá dúró síbi tó sún dé, awọ inú agolo ṣì wà pé, tó bá ń yọ́ padà, awọ ti ya.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyẹn lọ ni ṣáàfù, irin tó ń yí láàárín dísíbútọ̀. Ẹ mú orí rẹ̀, ẹ mì ín sí ọ̀tún àti òsì. Tó bá ń jó lọ́wọ́ yín, kò sí kọ́ńtáàtì tàbí ẹlẹ́kítíróníìkì tó lè gbà á là, torí bí ṣáàfù ṣe ń mì ni àlàfo kọ́ńtáàtì ń yí padà láti sìlíńdà kan sí òmíràn. Àlòkù Bosch tí ṣáàfù rẹ̀ le dáadáa sàn ju ayédèrú tuntun inú páálí lọ.

Èwo ló yẹ ẹ́ńjìnì yín?

Orúkọ 009 kì í kúrò lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì: kò wọ́n, kò ní rọ́bà, kò ní agolo tó lè ya. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé lórí ẹ́ńjìnì tó ń lo kábúrétọ̀ kan ṣoṣo bíi Solex 34 PICT-3, ọkọ̀ á máa kọsẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ tọ́tù. Afẹ́fẹ́ ti rọ́ wọlé, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò tíì yára tó láti ta irin wíwúwo síta, nítorí náà sípáàkì á pẹ́ kó tó dé. Ti fákúùmù kì í dúró de ìyára ní tirẹ̀. Bí tọ́tù bá ti ṣí díẹ̀ báyìí, ó ti sún. Àwọn kan á wá máa fìyà ẹ̀ṣẹ̀ yìí jẹ kábúrétọ̀: wọ́n á pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi kún epo, ọkọ̀ á wá máa mu epo láìnídìí.

Tí kábúrétọ̀ yín bá jẹ́ 34 PICT-3, tí ẹnu fákúùmù rẹ̀ sì ṣí, SVDA ni kí ẹ rà. Tó bá jẹ́ kábúrétọ̀ méjì lẹ gbé sórí rẹ̀, tí kò sí ibi tí ẹ ti máa rí fákúùmù tó péye, 009 tàbí 050 tó jẹ́ ojúlówó dára. Ẹ fi èyí tó jẹ́ fákúùmù nìkan sílẹ̀ fún kábúrétọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ṣe é fún, bíi 30 PICT-1. Fákúùmù 34 PICT-3 kò lágbára tó fún un, sípáàkì kò sì ní síwájú tó bó ṣe yẹ.

Yíyọ àti fífi sí i

Ẹ fi sípánà 21 yí nọ́ọ̀tì dáínámò bí aago ṣe ń yí, títí rótọ̀ á fi kọjú sí ibi tí wọ́n gé díẹ̀ létí ara dísíbútọ̀. Ibẹ̀ ni ti sìlíńdà 1. Ẹ tú wáyà àti rọ́bà, kí ẹ fi sípánà 13 tú nọ́ọ̀tì tó di kíláǹpù mọ́ ara ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì fà á jáde. Láti ìgbà yìí títí tuntun á fi jókòó, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí ẹ́ńjìnì. Ẹ wo inú ihò náà: sípíríǹgì kékeré kan wà lórí gíà ìsàlẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí dísíbútọ̀ jáde. Tó bá sọnù sínú ihò, wàhálà dé.

Ẹ ti kíláǹpù bọ ara tuntun, ẹ fi òróró pa òrùka rọ́bà rẹ̀, kí ẹ tì í wọlé. Eyín ìdí rẹ̀ kò sí láàárín gbùngbùn, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè gbà wọlé. Ẹ máa yí rótọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ bó ṣe jókòó. Wáyà púlọ́ọ̀gì tò báyìí, bí aago ṣe ń yí: 1, 4, 3, 2. Sìlíńdà 1 àti 2 wà lọ́wọ́ ọ̀tún, 3 àti 4 lọ́wọ́ òsì. 1 àti 3 ló sún mọ́ iwájú ọkọ̀.

Kọ́ńtáàtì ló kàn. Ẹ yí ẹ́ńjìnì títí ibi tó ga jù lára ṣáàfù á fi ti kọ́ńtáàtì ṣí pátápátá, kí ẹ ṣí àlàfo rẹ̀ sí mìlímítà 0.4. Ẹ dè é, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n, torí ó máa ń sún nígbà tí ẹ bá ń mú ìdè náà le. Kọ́ńtáàtì ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ṣáájú tàímìnì (àkókò tí sípáàkì ń tàn), ẹ má yí i sódì: bí àlàfo bá ti yí padà, tàímìnì náà ti yí nìyẹn.

Tàímìnì

Ọ̀pọ̀ púlẹ́ẹ̀ ni àmì ara rẹ̀ kì í ṣe ibi tí písítìn ti dé òkè pátápátá, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wá ibẹ̀ rí láti ihò púlọ́ọ̀gì 1, kí ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí i lára púlẹ́ẹ̀ ní ọ̀gangan ìlà tí ara ẹ́ńjìnì ti pàdé. Ẹ fi téèpù wọn etí púlẹ́ẹ̀ yípo, kí ẹ pín in sí 12. Ìdá kan nínú rẹ̀ ni dígírì 30. Tí ẹ bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ọwọ́ ọ̀tún àmì àkọ́kọ́ lẹ máa wọ̀n ọ́n sí, kí ẹ sàmì kejì.

Fún 009, ìdúró ẹ́ńjìnì kọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ tan iná tàímìnì, ẹ gbé ẹ́ńjìnì dé ìyípo 3,000 sí 3,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ yí dísíbútọ̀ títí àmì dígírì 30 á fi bá ìlà mu. Dígírì 28 sí 32 dára. Tó bá kọjá 32, ẹ́ńjìnì á máa kan, á sì máa gbóná. Rótọ̀ ń yí bí aago, nítorí náà tí ẹ bá yí ara dísíbútọ̀ sí òdìkejì aago, sípáàkì á yá sí i. Fún SVDA, ẹ yọ rọ́bà fákúùmù, ẹ dí i, ẹ ṣe é sí dígírì 7.5 ṣáájú òkè lórí ìdúró, kí ẹ sì tún wò bóyá kò kọjá 32 nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré. Tí ẹ bá dá rọ́bà padà tí ìdúró ẹ́ńjìnì yí padà, tọ́tù ti ṣí jù, tàbí kó jẹ́ pé ẹnu tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ fi rọ́bà sí.

Ẹ má bẹ̀rù tí tàímìnì sìlíńdà 3 bá fi dígírì bíi mẹ́rin pẹ́ ju ti 1 lọ. Ẹ̀yìn kúlà òróró ló wà, ó sì máa ń gbóná ju àwọn yòókù, nítorí náà Bosch mọ̀ọ́mọ̀ gé ṣáàfù àwọn kan nínú dísíbútọ̀ rẹ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́kítíróníìkì

Pertronix àti irú rẹ̀ máa ń gba ipò kọ́ńtáàtì àti kọ̀ńdẹ́nsà. Èyí tí wọ́n ṣe fún 009 yàtọ̀ sí ti oní-fákúùmù, ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ ní fún ẹni tó ń tà á. Ẹ kọ́kọ́ wọn kọ́ìlì láàárín ẹnu 15 àti ẹnu 1: tí kò bá tó 3 ohm, iná tó pọ̀ jù á gbà á kọjá, á sì jó ẹlẹ́kítíróníìkì náà. Wáyà pupa lọ sí 15, dúdú lọ sí 1. Tí ẹ bá yí wọn padà, ó ti kú nìyẹn, ẹni tó tà á kò sì ní gbà á padà. Ẹ tún tàímìnì ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó ń pa á jù ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láìtan ẹ́ńjìnì, bóyá kí rédíò lè máa sọ̀rọ̀. Ẹ tọ́jú kọ́ńtáàtì àti kọ̀ńdẹ́nsà àtijọ́ sínú píjìnìhóòlù pẹ̀lú sìkúrú dìráífà kékeré kan: bí ẹlẹ́kítíróníìkì bá kú, kì í fúnni ní àmì kankan tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ á kàn kú láàárín títì ni, kọ́ńtáàtì ló sì máa gbé yín délé.