Bí a ṣe ń fi ìṣe kéékèèké tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn

Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà kì í sábà wọlé tọ ẹ̀yin olùtọ́jú wá kó ní inú òun bàjẹ́. Yóò ní orí òun ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí òun, àyà òun ń já, oorun kò sì wá. Ẹ má já a lẹ́nu pé "ìrònú lásán ni." Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì rí i pé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn táírọ́ìdì (ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọrùn) náà máa ń mú kó rẹ ènìyàn báyìí.

Ìwé ìbéèrè PHQ-9, tí a fi ń wọn bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe le tó, ló kàn. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 3, àpapọ̀ kò lè ju 27 lọ. Bó bá tó 10, ó yẹ fún ìtọ́jú; bó bá tó 20, ó ti le, ẹ jẹ́ kí dókítà ọpọlọ bá yín dá sí i. Ẹ ka á sétí ẹni tí kò mọ̀wé.

Ìbéèrè kẹsàn-án ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń fò, torí ó dá lórí ikú. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ẹ bi í láìfi bò: "Ṣé ó ti ń ṣe yín bíi kí ẹ pa ara yín?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè ọ̀nà tó ń gbèrò, àti bóyá nǹkan náà wà nílé. Bí oògùn apakòkòrò bá ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ìtọ́jú tọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ ná. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ará ilé kó oògùn náà kúrò, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí Aro l'Ábẹ́òkúta tàbí ti Yaba l'Ékòó.

Ẹ tún béèrè bóyá ìgbà kan ti wà tí kì í sùn tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń náwó ní ìnákúnàá. Ìyẹn lè jẹ́ àìsàn mìíràn. Kó kọ́kọ́ rí dókítà ná.

Wàyí o, iṣẹ́ gan-an. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ máa ń pa ohun tó ń dùn mọ́ ọn tì: kò lọ sípàdé ẹgbẹ́ mọ́, kò gbé fóònù. Bó ṣe ń pa wọ́n tì ni inú rẹ̀ túbọ̀ ń bàjẹ́, ó sì ń retí kí ara yá kóun tó dìde. Ẹ ràn án lọ́wọ́ kó dìde ná, kí ara yá tẹ̀ lé e.

Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó kọ ohun tó ṣe sínú ìwé, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kó sì fún inú rẹ̀ ní nọ́ńbà láti 0 dé 10 (10 ni inú dídùn jù). Tí kò bá lè kọ ọ́, kó sọ ọ́ sórí WhatsApp. Nígbà tó bá padà wá, ẹ jọ wá ibi tí nọ́ńbà ti gòkè. Ó lè má ju pé ó kúrò ní 2 dé 4 lọ, nígbà tí ọmọ aládùúgbò wọlé wá kí i. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ohun méjì péré, ọ̀kan tó dùn mọ́ ọn, ọ̀kan tó jẹ́ ojúṣe. Ojúṣe nìkan á tètè sú u. Ẹ dá ọjọ́, wákàtí àti ibi. "Mà á máa rìn díẹ̀díẹ̀" kò tó. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, mà á rìn dé ọ̀dọ̀ alákàrà, mà á padà" ló ṣe é di mú. Ẹ bi í bó ṣe dá a lójú tó, láti 0 dé 10. Bí kò bá tó 7, ẹ gé e sí méjì.

Yóò kùnà nígbà mìíràn. Púpọ̀ nínú rẹ̀, ìwọ̀n ìṣe náà ló pọ̀ jù, tàbí ó ṣe é ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń ro ẹjọ́ àná ní gbogbo ọ̀nà. Fún ti ìkejì, kó máa ka ohun tó ń rí àti ohun tó ń gbọ́ bó ṣe ń rìn. Bí ará ilé bá ń pè é ní ọ̀lẹ, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwàásù olùtọ́jú ló sì burú jù (ó mà wọ́pọ̀ o): ẹni tó ti gbọ́ "mú ọkàn le" láti ilé kò wá gbọ́ ọ lọ́dọ̀ yín.

Ẹ máa pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ìṣẹ́jú 50, kí ẹ sì tún PHQ-9 ṣe lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Bó bá fi 5 lọ sílẹ̀, ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá tí kò yí padà, ẹ rán an sí dókítà fún ọ̀rọ̀ oògùn, kí ẹ sì fi ìwé nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ bó bá gbà.